Tíṣà lẹ́sìn wo ni kí n gbà fún ọmọ mi tó wà ní SS2?

Ìbéèrè láti Ọbàntókò, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi wà ní SS2, kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Máàkì 31 ló gbà nínú ìṣirò ní táàmù tó kọjá, Físíìsì náà ò sàn. Bàbá rẹ̀ ní ká mú ọmọ yunifásítì FUNAAB kan kó máa wá kọ́ ọ nílé, pé owó wọn ò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tíṣà ìṣirò ilé ìwé rẹ̀ gan-an ni ká bẹ̀. Aládùúgbò mi kan wá ní ìfowóṣòfò ni gbogbo rẹ̀, pé kí n tọ́jú owó náà de special centre, níbi tí wọ́n á ti bá a kọ WAEC. Ta ni kí n gbà nínú wọn? Báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ bí ẹni náà bá ń ṣiṣẹ́, nígbà tí èmi fúnra mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta girama?

* * *

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ti special centre kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń bí mi nínú jù. Ẹ má ṣe é. Òfin tó de màgòmágó ìdánwò ti wà láti 1999, WAEC sì máa ń fagi lé èsì bí ọwọ́ bá tẹ ibùdó kan. Owó yín lọ nìyẹn, ọdún ọmọ náà lọ. Ká tiẹ̀ ní ọwọ́ ò tẹ̀ wọ́n, JAMB ń bẹ níwájú: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ á dá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Bó bá tún ré kọjá ìyẹn, ìṣirò tó sá fún ní SS2 á tún pàdé rẹ̀ lọ́dún kìn-ín-ní ní yunifásítì. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ti fowó sọ fún pé kò lè dá a ṣe, á gbà bẹ́ẹ̀. Èyí ló burú jù lójú mi.

Ó wá ku ìbéèrè gidi, àmọ́ ọ̀kan wà tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ní ọmọ gba 31. Kí ni kò mọ̀? Máàkì ò lè sọ ìyẹn fún wa.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ nílé ìwé girama ìjọba nílùú yìí, mo sì ń ṣe lẹ́sìn ilé lẹ́yìn iṣẹ́. Bí àwọn òbí bá mú ọmọ SS2 wá, ohun tí wọ́n sábà máa ń wí ni pé quadratic equation ò yé e. Mo bá jókòó tì í, mo ní kó ṣe é lójú mi, mo sì rí i pé quadratic kọ́ ni ọ̀ràn. Àmì ìyọkúrò ló ń dà á láàmú, tàbí ìdá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní pírámárì tàbí JSS1 tí kò wọlé, tí kíláàsì sì ti bá tirẹ̀ lọ, òun ló ń fà á sẹ́yìn títí dòní.

Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni tó dá owó lé e, ẹ fún un ní bébà lálẹ́ yìí, ẹ gba fóònù àti kálíkúlétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó ṣe mẹ́ta yìí:

3/4 + 2/5

−3 − 5

2x − 7 = 9, kí ni x?

Ìdáhùn wọn ni 23/20, −8 àti 8. Bó bá kọ 5/9 sí àkọ́kọ́, òkè ló rò pọ̀ mọ́ òkè, ó sì ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ìdá ò yé e láti pírámárì nìyẹn. Bó bá kọ 8 tàbí 2 tàbí −2 sí èkejì, àmì ni wàhálà rẹ̀. Bó bá gba méjèèjì tí ẹ̀kẹta wá dá a dúró, JSS2 ni kí tíṣà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá gba gbogbo rẹ̀ wéré, a jẹ́ pé ibòmíràn lọ̀rọ̀ wà: bóyá kì í ṣiṣẹ́ rẹ̀, bóyá kò rí pátákó, bóyá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bi í ni kò yé e. Ẹ bá wa dá èsì padà.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé láti Aṣérò: "Kí la tún ń wá kiri? Tíṣà rẹ̀ nílé ìwé ló mọ ibi tí wọ́n dé, òun ló ń ṣètò ìdánwò, òun ló mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún ọmọ."

Ọ̀pọ̀ òbí ló wà lẹ́yìn èrò yìí, ó sì nídìí. N kò fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ àárín yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, pé òun ló ń ṣètò ìdánwò. Tíṣà ò nílò láti jẹ́ ènìyàn burúkú. Bó bá ti mọ̀ pé ọ̀nà báyìí ni ìbéèrè táàmù yìí á gbà wá, ọ̀nà yẹn náà ni yóò máa mú ọmọ gbà nílé, bóyá láìmọ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà tó wọ SS3. Rípọ́ọ̀tù káàdì rẹ̀ dára, ìṣirò ń wọ 70 lọ sókè láti ìgbà tí tíṣà kíláàsì rẹ̀ ti ń wá sílé. Mo mú ìbéèrè kan nínú ìwé nótì rẹ̀, mo yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, mo tún fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò x. Ọmọ náà wo bébà títí, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni ìdáhùn. Kò mọ iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàn ń wo mi lójú ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tún wà ńbẹ̀, ti àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lówó lẹ́sìn. Níbi tí tíṣà bá ti ń gbowó lọ́wọ́ mélòó kan nínú kíláàsì tirẹ̀, èyí tó yẹ kó parí lójú pátákó máa ń ṣẹ́ kù di lẹ́sìn ọ̀sán. Kì í ṣe gbogbo tíṣà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì yẹ ká máa bò ó.

Ohun tí tíṣà kíláàsì mọ̀, ẹ lè gbọ́ ọ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní kó fi bébà ìdánwò ọmọ hàn yín. Ẹ bi í pé, "Tíṣà, ibo ló ti ń ṣubú?" Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì tó kún dé ọgọ́ta kò lè jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, àmọ́ ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀ràn wà. Tó bá jẹ́ tíṣà mìíràn nínú ilé ìwé kan náà, tí kì í kọ́ kíláàsì ọmọ yín, tí kì í sì í ṣètò ìdánwò rẹ̀, n kò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ ojú, kó tó bọ́ lórí mi. Bí ọmọ bá ń fún ojú pọ̀ kó tó ka ohun tó wà lára ògiri, tàbí tó ń ṣe àdàkọ láti inú ìwé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò pátákó, ẹ mú un lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC, wà ní Ìdí-Abà. Mo mọ ọmọ tí awò ojú tán ìṣòro rẹ̀ ju bí lẹ́sìn ṣe lè tán an lọ.

* * *

Ó kan ọmọ FUNAAB tí bàbá ọmọ dábàá.

Níbi tí ẹ ń gbé, àbá náà bọ́gbọ́n mu. Láti Camp, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, sí Ọbàntókò kò jìnnà, owó ọkọ̀ ò ní jẹ́ kó máa ṣàwáwí. Ẹni tó bá wà ní Láfẹ́nwá tàbí Adígbẹ tó lọ mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé l'Álábàtà á rí i pé ojú ọ̀nà ni agbára tíṣà yóò tán sí, tí òjò bá sì ṣú báyìí, kò ní wá. Àǹfààní mìíràn tún ni pé ohun tí wọ́n kà fún JAMB ṣì wà lórí wọn, ọmọ ò sì ń bẹ̀rù láti sọ pé "bùròdá, kò yé mi." Ọmọ tó lè sọ gbólóhùn yẹn ti sún síwájú.

Àbùkù ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà wọn. Ní 2022, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Lásìkò yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ilé tí yóò ti ṣe lẹ́sìn pọ̀ rẹpẹtẹ nílùú. Wọ́n pè wọ́n padà sí yunifásítì lójijì, ọ̀pọ̀ ọmọ sì di aláìní tíṣà ní àárín táàmù. Láìsí ìyanṣẹ́lódì náà, ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà tiwọn lè bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yín ń múra tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó gbà á: ìgbà wo lẹ ó ṣèdánwò, ta ló máa dípò yín? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn àgùnbánirọ̀: wọ́n dára, wọ́n sì ń fi tọkàntọkàn ṣe é, àmọ́ ọdún kan ni wọ́n ní. Ẹni tó máa rí ọmọ yín dé WAEC ní SS3 lẹ nílò.

Àwọn mìíràn ò ka ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, NCE, l'Óṣíẹ̀lẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ka akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà sí, wọ́n ní ìwé rẹ̀ ò pọ̀. N kò gba ìyẹn. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, tó ti dúró níwájú kíláàsì JSS, ti rí àṣìṣe ọmọ yín yẹn lọ́wọ́ àìmọye ọmọ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ìṣirò rọ̀ lọ́rùn láti kékeré lè má mọ ìdí tó fi le fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ fi bébà tí ọmọ ti kọ 5/9 hàn wọ́n, ẹ bi wọ́n pé: "Kí ló dé tó fi kọ èyí?" Ẹni tó bá ní, "Kò fọkàn sí i ni, LCM ni kó lò," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní, "Ó ń wo ìdá bíi nọ́ńbà méjì tó dá dúró, ẹ jẹ́ kí n gé bébà sí mẹ́rin fún un kó rí i," ẹ fà á lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó.

* * *

Ìbéèrè yín kejì wá kù, bí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ ṣe máa mọ̀ bí tíṣà bá ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ dúró lórí èyí, torí òun ni mo rò pé àwọn òbí kì í sọ̀rọ̀ lé lórí tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń wò ni bóyá tíṣà wá, bóyá ó pẹ́, bóyá wọ́n rí i tó kọ nǹkan kún ìwé nótì, bóyá iṣẹ́ àṣetiléwá pé. Gbogbo rẹ̀ lè pé kí ọmọ má mọ nǹkan kan. Tíṣà tó bá ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ń jẹ́ kí máàkì dára lọ́la, kí ìdánwò sì burú níparí táàmù.

Ẹ wo ẹni tí báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó sínú pálọ̀, ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín tàbí kẹ́ ẹ máa ka owó ọjà, ẹ má dá sí wọn. Bó bá jẹ́ tíṣà ló ń kọ, tó ń sọ̀rọ̀, tí ọmọ ń mi orí, lẹ́sìn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí tíṣà ṣe ọ̀kan, kí ó gbé báírò fún ọmọ, kí ọmọ ṣe èkejì, kí ó ṣàṣìṣe, kí tíṣà ní "Padà lọ wo ìlà kejì," kó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣòro fún ọ̀pọ̀ wa. A máa ń fẹ́ já a gbà. Ẹni tó bá lè dúró kí ọmọ rò ó, olùkọ́ ni. Ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí kò kàwé rárá, lé tíṣà ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ lórí èyí. Ó ní, "Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi ń wòran." Ó tọ̀nà.

Ọ̀nà kejì: ní alẹ́ ọjọ́ tí tíṣà wá, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé fún yín ní Yorùbá ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ má bi í bóyá ó yé e, torí bẹ́ẹ̀ ni ni yóò ní. Ẹ ní kó kọ́ yín. Bó bá ń sọ pé "wọ́n ní kí n gbé e kọjá sódì kejì kí n yí àmì rẹ̀ padà" tí kò lè sọ ìdí rẹ̀, ẹ fi gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ sí tíṣà, ẹ ní kó padà síbẹ̀.

Ní 1984, Benjamin Bloom, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Chicago, kọ̀wé pé ọmọ tí òye rẹ̀ wà ní agbedeméjì tí wọ́n kọ́ ní òun nìkan ṣe dáadáa ju nǹkan bí 98 nínú 100 lára àwọn tó wà ní kíláàsì lásán. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí ìyàtọ̀ tó kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì rí i pé lẹ́sìn ń ranni lọ́wọ́. Ohun tí àwọn kan kì í rántí ni pé nínú lẹ́sìn ti Bloom, wọ́n ń dán ọmọ wò lemọ́lemọ́, wọ́n ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, wọn kì í kúrò lórí nǹkan kan títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wá ń sáré ka síkíìmù SS2 lọ láìwẹ̀yìn, kíláàsì ló gbé wọ inú pálọ̀ yín.

* * *

Bàbá kan láti Ìbarà ní: "Láyé tiwa, ta ló ń ṣe lẹ́sìn ilé? A sì yege. Ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí lẹ ń ba àwọn ọmọ jẹ́."

Mo gbọ́ yín sà. Ìlú wa yìí mọ ẹ̀kọ́ lóòótọ́. Ibí ni Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, ti jáde ní 1859. Abẹ́òkúta Grammar School ti wà láti 1908, Baptist Boys' High School láti 1923. Israel Ransome-Kuti, tó ṣe ọ̀gá Grammar School náà, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn tó wọ girama lásìkò yẹn ò pọ̀, a sì ti ṣà wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní bọ́dìǹgì, alaalẹ́ ni wọ́n ń jókòó ka prep, tíṣà sì ń gbé inú ọgbà. Lẹ́sìn yín wà nínú ilé ìwé náà nígbà yẹn, ẹ ò kàn san owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́, kò sí nínú irú ipò tẹ́ ẹ wà.

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni pé lẹ́sìn ti pọ̀ jù fún àwọn kan. Ọmọ jáde nílé ìwé, ó ṣe lẹ́sìn ọ̀sán títí di aago mẹ́rin, tíṣà ilé tún dé ní márùn-ún, lójoojúmọ́. Ọmọ ń sùn lórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí kan àtààbọ̀, tó fún ìṣirò kan. Àwọn ọjọ́ yòókù ni kó fi dá ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un, torí ibẹ̀ gan-an ni mímọ̀ wà.

* * *

Ẹlòmíràn bèèrè bóyá kí tíṣà máa sọ Yorùbá fún ọmọ, torí ọkọ rẹ̀ ní ìyẹn á ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́.

Kò ní bà á jẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Nínú lẹ́sìn mi, nọ́ńbà òdì kì í yé ọmọ títí n ó fi mú gbèsè wọ̀ ọ́: o jẹ màmá alátàrodo ní náírà mẹ́ta, o tún lọ ra ti márùn-ún láwìn, èló lo jẹ ẹ́? Kò sí ọmọ ọjà Kútọ tó máa ní méjì. Wọ́n á ní mẹ́jọ, mo bá ní kí wọ́n kọ àmì gbèsè síwájú rẹ̀. −8 nìyẹn. Èlé orí owó náà, ẹ fi àjọ àti owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti yé e, kí tíṣà wá gbé ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, kí ọmọ kà á sókè, kó sọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń bèèrè, a ò gbọ́dọ̀ fò ó.

* * *

Owó. Ibí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù, torí ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣàdéhùn.

Àwọn kan ń san lóṣooṣù, àwọn kan ń san lórí ìwásílé kọ̀ọ̀kan. Mo fara mọ́ èkejì, kẹ́ ẹ kó o jọ san níparí oṣù. Ẹ ra ìwé nótì kékeré kan, kí tíṣà kọ ọjọ́, aago tó dé, ohun tí wọ́n ṣe, kí òbí fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ti parí àríyànjiyàn púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí tíṣà bá dé tí ọmọ ti lọ síbi ayẹyẹ, tẹ́ ẹ ò sì pè é ṣáájú, ẹ san owó ọjọ́ náà: ó ti wọkọ̀. Bí òun ni kò bá wá, kó dá a padà lọ́jọ́ mìíràn. Owó ọkọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, kó má bàa di pé epo bẹntiróòlù gbówó lórí, tíṣà dákẹ́, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ jẹ.

Ẹ má fi owó tíṣà falẹ̀. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń ra aṣọ ẹbí lóṣooṣù tí tíṣà ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún owó oṣù méjì sẹ́yìn. Bí agbára ò bá gbé e, ẹ wá òbí méjì ládùúgbò tí ọmọ wọn wà ní ìpele kan náà, ẹ dá owó náà. Ọmọ mẹ́ta nídìí tábìlì kan ṣì dára, bí ibi tí wọ́n ti ń ṣubú bá jọra. Ó ju mẹ́rin lọ, ó ti di kíláàsì.

Tíṣà kan ṣoṣo tó ní òun á kọ́ ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì, Gẹ̀ẹ́sì àti Bàọ́lọ́jì? Ní pírámárì, mo gbà. Ní SS, rárá.

* * *

Èyí kò ní àríyànjiyàn, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí kà á. Pálọ̀ ni lẹ́sìn, kì í ṣe yàrá. Ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, àgbàlagbà kan á wà nílé. Kò kan bóyá ọmọkùnrin ni tàbí ọmọbìnrin, kò sì kan bóyá tíṣà jẹ́ ọmọ ìjọ yín tàbí ẹni tí lèmọ́mù mú wá. Ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ gba onídùúró, ẹ pe òbí ọmọ tó kọ́ kẹ́yìn lórí fóònù, ẹ bi í léèrè ìdí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó bá ní láti sọ fún ọmọ lórí WhatsApp, kó fi sórí fóònù yín. Tíṣà rere kò ní bínú sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Ó dáàbò bo òun náà. Bí ọmọ bá sì ní òun ò fẹ́ tíṣà náà mọ́, ẹ má kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán.

* * *

Ìyá Ọbàntókò padà wá: "Mo ti fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 5/9 ló kọ sí àkọ́kọ́. Ó gba èkejì. Ẹ̀kẹta, ó kọ 1. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní ojú ń ti òun láti bèèrè ìdá ní SS2. Ẹni méjì ni mo ti rí: obìnrin kan tó ní NCE, JSS ló ń kọ́, àti ọmọ FUNAAB kan, ẹnjiníà, 300 level, orí rẹ̀ pé gan-an. Bàbá rẹ̀ ṣì ń ti ọmọ FUNAAB lẹ́yìn."

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi èsì ránṣẹ́. 1 tó kọ yẹn sọ púpọ̀: ó yọ 7 kúrò lára 9 níbi tó ti yẹ kó rò ó mọ́ ọn, ó kù 2, ó fi 2 pín in. Ó mọ̀ pé nǹkan ń kọjá sódì kejì, kò mọ ìdí. Ọmọ yín kì í ṣe olódo. Ohun méjì ni kò yé e, méjèèjì sì ṣeé tún ṣe.

Ẹ mú obìnrin NCE náà báyìí. Ìdá àti equation JSS ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, òun ló sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ sọ fún un níwájú ọmọ pé ẹ fẹ́ kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ìtìjú yẹn lè kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fún wọn ní táàmù kan. Kó tó parí, kí ọmọ lè dá jókòó ṣe ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́ nínú pépà kejì ìṣirò WAEC, èyí tó jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó bá kọ ọ́, láti inú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ọdún kan tí wọn ò tíì jọ ṣe rí. Kò pọn dandan kó gba gbogbo rẹ̀, àmọ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí tíṣà náà lọ ka ìròyìn àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò tí WAEC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe lọ́dọọdún wà níbẹ̀.

Ẹ sọ fún bàbá ọmọ pé kò pàdánù. Físíìsì tó ń fẹ́ ká gbé lẹ́tà kan dá dúró nínú ìlànà kò lè yé ọmọ tí 2x − 7 = 9 ń dí lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ohun tí ọmọ FUNAAB lè ṣe sí i lónìí. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìgbà tí ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà rẹ̀ máa parí, kó sì bẹ̀rẹ̀ Físíìsì pẹ̀lú ọmọ yín ní Sátidé nígbà ìsinmi gígùn kó tó wọ SS3.